Ìkarahun Tí Mo Kọ́kọ́ Sọ Nù

Ìgbà tí mo wà ní kékeré, tí ilé bàbá mi ṣì wà ní ẹsẹ̀ òkè ní Ọ̀kà, kò sí ọmọbìnrin tí ó mọ ìgbín ṣà tó mi. N kò fi ṣe fọ́ńté. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí èyí tí ó ṣẹ́ kù. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jí. Mo mọ abẹ́ ewé tí wọ́n ń sá sí, mo sì mọ ọjọ́ orí wọn. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìgbín a dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ pa, kò ní dàgbà mọ́ títí òjò yóò fi dé. Ibi tí ó gbé dúró yẹn a fi ilà dúdú sí i lára. Ẹ ka ilà náà, ẹ ti mọ iye ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó rí. Ìyá mi ni ó kọ́ mi.

Mo ní ọbàkan kan, ọmọ ìyàwó kejì bàbá mi. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi. Ibi tí mo bá yà sí ni ó ń yà sí. Àwọn àgbà a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Wọn a rẹ́rìn-ín, èmi kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú. Ìyá mi àti ìyá rẹ̀ ń kí ara wọn dáadáa, àwa ọmọ ni a ń gbé ohun tí wọn kò sọ kiri.

Nígbà náà, tíṣà kan ti dé sí Ìkàrẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ó bẹ bàbá mi pé kí ó yọ̀ǹda ọmọbìnrin kan tí yóò máa gbé lọ́dọ̀ ìyàwó òun, kí ó sì máa kàwé. Bàbá mi gbà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni, nítorí iṣẹ́ oko. Èmi ni àgbà. Gbogbo ilé ti gbà pé èmi ni yóò lọ. Ìyá mi tilẹ̀ ti hun aṣọ kan sílẹ̀ fún mi, ó ká a sí orí àjà.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, èmi àti ọbàkan mi dé ahoro àgọ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà oko, níbi tí àwọn oníṣòwò tí ó ń ti òkè Ọya bọ̀ máa ń sùn sí láyé ìṣáájú. Mo rí ìgbín ńlá kan tí àgbàrá ti hú jáde nínú ilẹ̀. Mo he é. Ó wúwo ju bí ó ti yẹ lọ. Mo yí ẹnu rẹ̀ wò, kò sí ẹran níbẹ̀, ohun líle kan ni ó dí i pa. Mo ní òkú ìgbín tí ó jẹ ẹrẹ̀ yó ni, mo sì jù ú sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ibẹ̀ yẹn: èmi ni mo kọ́kọ́ he é. Ọbàkan mi tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n tirẹ̀.

Nígbà tí a délé, bàbá mi kò wo agbọ̀n mi tí ó kún. Ìkarahun yẹn ni ó gbé lé àtẹ́lẹwọ́.

Ó ní, "Ùgbín ti di òkúta rè é." Ùgbín ni a ń pe ìgbín nílé wa. "Ojú ọmọ yìí ríran o. A ó gbé e lọ han tíṣà, ẹni tí ó rí i yóò bá mi lọ."

Bàbá tí mo ti ń ṣa ìgbín fún láti ìgbà tí mo ti lè gbé agbọ̀n, kò sọ pé ojú mi ríran rí. Mo jowú, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí ó ti rí. Mo wá sọ pé òkúta lásán ni, pé ẹnìkan tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ ní ìgbín, pé n ó sì fi hàn wọ́n.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni a fi ń fọ yíyọ̀ ara ìgbín. Bí omi rẹ̀ bá kán sí ìkarahun, yóò hó, yóò sì jẹ ẹ́ lára. Òkúta òkè wa kì í hó sí ọsàn. Mo la ọsàn kan lójú bàbá mi, mo fún un sórí òkúta tí mo ṣà lẹ́yìnkùlé. Ó dákẹ́. Mo wá fún un sórí ìkarahun ọbàkan mi, mo ti ń múra àtirẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàbá mi pariwo ayọ̀, ó gbá ọbàkan mi mọ́ra. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi jẹ́rìí fún un.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ibi tí mo ti ń fi omi ṣan ọsàn náà kúrò, ìka mi bá ilà pàdé. Mo kà á, ó jẹ́ méje. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní n ó pa á mọ́ de tíṣà.

Mo sunkún títí bàbá mi fi ní kí èmi náà máa bọ̀. A fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìkàrẹ́. Tíṣà yí ìkarahun náà síwá sẹ́yìn. Ó ní òun ti ṣe ògbufọ̀ fún òyìnbó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa fọ́ òkúta wò kiri.

Ó ní, "Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni ó ń di irú òkúta yìí, òun àti ohun tí ó bá kú sínú rẹ̀. Òkè Ọ̀kà yín kì í ṣe ẹrẹ̀. Àwọn oníṣòwò yẹn ni wọ́n gbé e wá. Ó dáa, ọmọ ọdún mélòó ni?"

Kí ó tó pa ẹnu dé, mo ti ní, "Ọdún méje, bàbá."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a tó bí bàbá bàbá mi ni ó ti di òkúta. Ara mi bù máṣọ. Ó wá kọjú sí ọbàkan mi.

Ọbàkan mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣì í kà. Mo rí i nígbà tí ó ń fi ìka kà á. Ọdún tí ó lò láyé ni méje. Ọdún tí ó ti kú ni ẹ̀yin ń béèrè, ìyẹn kò sì sí lára rẹ̀."

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo bàbá mi, ó ní, "Èyí ni kí ẹ fún mi."

Ṣé ẹ rí i? Gbígbè ni ọbàkan mi ń gbè mí. Ìbá jẹ́ pé ó fi mí ṣẹ̀sín, ìkórìíra ìbá rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí ó ń lọ, ìyá mi gbé aṣọ tí ó hun sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í fún un, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ń jowú. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo jowú fún àwa méjèèjì.

Ó kàwé, òun náà di tíṣà. Bí ó bá wálé, yóò kúnlẹ̀ kí mi, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Èmi a ní kí ó dìde, ṣùgbọ́n n kò ní tètè sọ bẹ́ẹ̀.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ jókòó yìí, gbogbo yín ni ẹ ń lọ sí ilé ìwé, kò sí bàbá tí ó ń mú ọ̀kan kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kan tilẹ̀ ń kọ́ nípa òkúta ní yunifásítì. Ó yẹ ìkarahun náà wò, ó ní ìgbín òkun ni, kò mọ ọ̀gbẹlẹ̀, pé méje tí mo kà yẹn kò dájú. Mo ní kí ó bá mi gbé e kalẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìkarahun náà wà báyìí. Nígbà tí ọbàkan mi kú, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e wá. Wọ́n ní ìyá àwọn sọ pé kí a dá a padà fún ẹni tí ó kọ́kọ́ he é. Gbogbo ọdún yẹn, ó mọ̀, kò sì sọ ọ́ sí mi létí lẹ́ẹ̀kan.

Mo máa ń fi ìka wá ilà rẹ̀, mo sì máa ń ronú pé owú tèmi náà ní ọjọ́ orí méjì. Bí ẹ bá bi mí ní ọdún tí ó lò láyé, mo lè kà á fún yín láti ọjọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn. Ẹ má ṣe bi mí ní ọdún tí ó ti kú. N kò tíì rí òkú rẹ̀.