Àdín Lára Wàláà Mùfú

Lánàá, Bàṣírá ọmọ ọmọ mi ń fọ abọ́ ọbẹ̀, ó ń ka ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sókè. Omi tó dà sórí ọ̀rá inú abọ́ ṣù jọ bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Màmá, ẹ wò ó. Èérún omi kọ̀ọ̀kan ní ìhà méjì, bí orí àti ìdí òkúta tọ́ọ̀ṣì. Orí èyí á fa ìdí ìyẹn mọ́ra. Òróró ò ní irú ìhà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni omi ò ṣe rí i dì mú."

Mo jókòó. Ó rò pé òòyì ló ń kọ́ mi.

Kí òmìnira tó dé ni, ní agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mùfú àbúrò mi jẹ́ mẹ́fà, eyín iwájú rẹ̀ ti ká, bó bá ń ké kéú, afẹ́fẹ́ ló ń gba ibẹ̀ jáde. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, mo fẹ́ kó bá wàláà tó fi ń ké kéú bíi tuntun tó bá dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo bu àdín ìpara Ìyá, mo fi pa pátákó náà títí tó fi ń dán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá ránṣẹ́ pe Ààfáà Yẹkínnì. Yóò kọ hàntú sára wàláà Mùfú, wọn yóò fi omi ṣàn án fún un mu, lẹ́yìn náà ni Làmídì awakọ̀ yóò gbé e lọ ọsibítù. Lọ́rì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ààfáà ti kálámù bọ tàdáwà, ó kọ ọ́. Tàdáwà ṣù, ó yí dànù. Ó tún un kọ. Ó gbé kálámù sílẹ̀.

"Kò gbà, Ìyá Mùfú."

"Ààfáà, ẹ kọ ọ́ síbòmíràn," Làmídì ní. "Mọ́tò ń dúró."

Ìyá gbọn orí. "Làmídì, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Ẹni tó ni ín ti dáhùn."

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká sáà gbé e lọ."

"Mo ní Ó ti dáhùn."

Àdín ṣì wà láàárín ìka mi. Mo fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹgba ni mò ń bẹ̀rù. Lọ́rì lọ lófìfo. Mùfú kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Ọjà'ba tó kún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé yín ní oògùn ibà yẹn. Agbo ilé wa ti di ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Ìyá pẹ́ láyé lẹ́yìn Mùfú, ó sì máa ń sọ fún àlejò pé Ọlọ́run kò fẹ́ ọmọ òun. Èmi ni mo máa ń gbé omi fún wọn. Nígbà tó ń kú lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí pé kí ni mo rò pé òun fi ṣẹ Ọlọ́run.

Mo ní n kò mọ̀.