Ìbéèrè Tí Ó-Kù-Díẹ̀ Máa Ń Bi Oníbàárà

Wọ́n ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún dókítà pé òun ò fẹ́ ẹ̀rọ tí ń báni mí, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti fa bẹ́ẹ̀dì yọ lábẹ́ rẹ̀. Aládùúgbò kan tiẹ̀ búra pé wọ́n gba ìrọ̀rí mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń jẹ àkọ́bí Ó-Kù-Díẹ̀, tó jẹ́ obìnrin, lọ́kàn bó ṣe jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ọsibítù. Ibi iṣẹ́ ìfọṣọ ló gbà débẹ̀, ẹsẹ̀ wú, ojú pọ́n, òórùn ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ti ní oògùn lè dín àìsàn ọkàn tó ń ṣe bàbá kù, kò lè wò ó sàn. Ó ní kí bàbá yan ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún un lọ́jọ́ tí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ìwọ ni mo yàn."

"Ẹ yan àbúrò mi, Bàbá. Ó ti rẹ̀ mí."

"Àbúrò rẹ tó sunkún nígbà tí bàtà rẹ̀ já?"

"Wọ́n á ní èmi ni mo pa yín. Wọ́n á sì gba bẹ́ẹ̀dì."

"Kí wọ́n gbà á! Ẹ̀yìn ń ro mí lórí ẹ̀."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni bàbá ń tún ṣe. "Ó kù díẹ̀" ló máa ń sọ fún oníbàárà, pàápàá tí kò bá tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rárá. Ṣùgbọ́n kò ní gba ẹ̀rọ kankan wọlé láìkọ́kọ́ béèrè pé, "Tí mo bá tú u, tó ti kọjá àtúnṣe, ṣé kí n máa tú u lọ ni, àbí kí n dì í padà fún yín?" Oníbàárà kì í kúkú sí níbẹ̀ nígbà tí bàbá bá ń tú u.

Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sín bàbá rẹ̀ jẹ bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré: "Oníbàárà, tó bá ti kọjá àtúnṣe ńkọ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Kí wọ́n má tú mi mọ́, kí wọ́n má fi ẹ̀rọ bá mi mí. Kí wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, kí n wà láàárín yín."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó dáa. Màá sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ì báà bínú."

Ó sọ ọ́ fún dókítà lójú àbúrò rẹ̀. Àbúrò sunkún, kí ló kù tí ì bá ṣe?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì gbé oògùn wá. Bàbá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìrọ̀rí méjèèjì wà lábẹ́ orí rẹ̀.