Ọ̀pọ̀lọ́ Eléyín Ìdí Àpò Ògì

Òórùn kíkan ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò kan ní Cocody, àdúgbò yunifásítì ìlú wa. Wọ́n rẹ òkúta sínú omi kíkan kan kí egungun inú rẹ̀ lè yọ díẹ̀díẹ̀. Àwòrán Nigerpeton wà lára ògiri: ẹranko kan tó jọ ọ̀pọ̀lọ́ ńlá, tó ti run kí ènìyàn tó dáyé. Ilẹ̀ Niger ni wọ́n ti wú egungun rẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ó lu imú rẹ̀ já. Ẹ̀yin àbúrò mi, omi ògì Ìyá Sàfú ni mo rántí.

Inú ọgbà kan náà lẹ́yìn pọ́ọ̀tù ni èmi àti Sàfú dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ a máa ta páàtì mọ́tò dé Agadez ní ilẹ̀ Niger, ibẹ̀ ló ti gbé òkúta pẹlẹbẹ kan bọ̀, tí ìyàwó rẹ̀ fi ń tẹ àpò ògì kí omi lè ro. Omi kíkan ògì ń jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀. Kí a tó dé CM1, ọdún karùn-ún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, eyín ti yọ lára rẹ̀. Ìyá Sàfú rẹ́rìn-ín títí: “Ọ̀pọ̀lọ́ tó ń jí ògì mi mu rèé!”

Sàfú fi àkísà dì í, ó gbé e lọ sílé ìwé.

“Mẹ̀sìé, ọ̀pọ̀lọ́ eléyín ni.”

Mẹ̀sìé, olùkọ́ wa, kò tilẹ̀ tú àkísà náà. “Ẹ̀yin Anago! Lánàá táyà, lónìí ọ̀pọ̀lọ́. Èló lo fẹ́ tà á?” Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi: “Ìwọ tẹ́ ẹ jọ ń gbé, ṣé o rí eyín kankan?”

“Rárá, Mẹ̀sìé.”

Ó ní kí àwọn bírìkìlà tó ń kọ́ ṣáláńgá ilé ìwé jù ú sí ìpìlẹ̀.

Lójú ọ̀nà, Sàfú kò sunkún. “Ìwọ lo kà wọ́n. Huit lo pè é, eyín mẹ́jọ.” Láti ọjọ́ náà kò nawọ́ ní kíláàsì mọ́. Nígbà tí ọdún parí, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ìdí ògì ló jókòó sí.

N kò lè búra pé Nigerpeton ni. Ó lè jẹ́ ẹranko mìíràn. Ohun tó dá mi lójú ni pé àkísà náà ṣì wà ní dídì nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀. Inú ń bí mi sí Mẹ̀sìé títí dòní, ó sì ń bí mi sí ara mi. Ohun tí ògì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà wa, ìmọ̀ ni wọ́n ń pè é ní Cocody.

Òkúta náà ṣì wà lábẹ́ ṣáláńgá. Ó ti mọ dídúró, ó lè dúró sí i. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lè dúró.

Mẹ́jọ ni wọ́n, Sàfú. Mo kà wọ́n.