Orí Kẹta Tí Ọmọ Mi Pa Dé

Olóríkunkun ni mí, n kò sì fi pa mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́rìnlá, tó ní òun ò ka Yorùbá mọ́ nítorí pé kò sí ìtàn tó ń yára nínú rẹ̀, mo ní ṣé ìtàn tó ń yára lo fẹ́? N ó kọ ọ́ fún ọ. Àdéhùn wa ni pé n ó máa kọ orí kan lọ́sẹ̀, òun á máa kà á nínú mọ́tò láàárọ̀ Sátidé, bí mo bá ń gbé e láti ilé wa ní Lithonia, ní Amẹ́ríkà, lọ sí kíláàsì ìṣirò. Ọjọ́ tó bá sú u, ó parí nìyẹn: n kò gbọdọ̀ fi ìwé Yorùbá kankan yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ láyé.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Àkókò ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fi ń kọ ọ́, oúnjẹ mi á sì tutù. Ìtàn ọmọ mẹ́rin tí ọpọlọ wọn pé ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ ni. Ọkùnrin kan jí wọn gbé, ó tì wọ́n mọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Fairburn, ìlú kan nítòsí wa, kó lè máa fi ọgbọ́n orí wọn jalè. Orí kìíní, ọmọ mi kà á láìgbójú sókè. Orí kejì, ó ní, “Mummy, it's not bad, sha.” Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá exit tó yẹ ká yà sí.

Orí kẹta ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà sá jáde, ajínigbé ń lé wọn bọ̀, wọ́n wá pàdé ìyá àgbà kan tó ti Nàìjíríà wá tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń na ẹsẹ̀ níwájú ilé. Èmi tí wọ́n kọ́ nílé, mo ní kí wọ́n dúró. Àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Wọ́n bèèrè ọmọ tuntun, wọ́n bèèrè bóyá òtútù ìlú yìí ń yọ màmá lẹ́nu. Ojú ewé kan ààbọ̀.

Ọmọ mi gbé ìwé náà lé itan. “Mummy, ẹni tó ń lé wọn ti dé. Wọ́n á ti kú.”

“Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ gidi á kí àgbà.”

“Then I'm done, ma.”

Inú bí mi. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú kíláàsì láìdágbére. Àmọ́ nígbà tí mo délé, ẹ̀rù bà mí. Bí ó bá pa ìwé yẹn dé, èmi nìkan ni yóò kù tí yóò máa ka èdè mi nínú ilé náà.

Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí i tó ń sáré lọ bá àwọn akọrin, ó ti pẹ́. Àwọn màmá mẹ́ta jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò dúró. Ó kàn tẹ orúnkún wálẹ̀ lójú eré, “Ẹ káàárọ̀ ma, ẹ káàárọ̀ ma, ẹ káàárọ̀ ma,” ó ti kọjá, àwọn màmá sì ń súre tẹ̀ lé e. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ níṣojú mi, n kò kà á sí ìkíni títí di ọjọ́ náà.

Ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn ni mo tún orí kẹta kọ sí. Pásítọ̀ rò pé ìwàásù ni mò ń kọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ kí ìyá àgbà lójú eré, wọ́n kọjá. Ajínigbé dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní níbo ni wọ́n gbà? Ìyá àgbà wò ó tẹsẹ̀ torí. Ó ní, “Ẹni tí ò lè kí mi ló fẹ́ bi mí léèrè ọ̀nà?” Ó nawọ́ sí ibi tí wọn ò gbà.

Nígbà tí Sátidé dé, mo gbé orí tuntun náà lé ọmọ mi lọ́wọ́, mo ní kó kàn fún mi ní ojú ewé kan péré. Nígbà tó dé ibi tí ìyá àgbà ti nawọ́, ó rẹ́rìn-ín. A dé iwájú kíláàsì, kò sọ̀kalẹ̀. Ó yí ìwé náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ti tán.

“Mummy, èyí tó kù ńkọ́?”

Ohùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀, àmọ́ Yorùbá ni, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Mo ní n kò tíì kọ ọ́.

“Ẹ má lọ sílé o, ma. Ẹ jókòó síbí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ kí n tó jáde.”

Mo wá bírò nínú báàgì mi.