Ọdún tí Omi Gbé Afárá Wa Lọ

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ kiri, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ abà wa. Ọjọ́ ọjà la máa ń rí i. Yóò kó iyọ̀, kẹrosíìnì àti ẹja gbígbẹ wá láti Adó, yóò sì kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa lọ. Afárá onípákó ló ń gbà kọjá odò. A gbẹ́kẹ̀ lé e débi pé, bí ọjọ́ ọjà bá ku ọ̀la, gbogbo ilé ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ sẹ́bàá ọ̀nà.

Lọ́dún kan, òjò rọ̀, omi gbé afárá lọ. Ọkọ̀ kò dé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Àwa ọmọdé kọ́kọ́ yọ̀: dòdò láàárọ̀, dòdò lálẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, òórùn rẹ̀ lásán ti ń sú mi. Iyọ̀ náà wá ń tán lọ. Ọbẹ̀ wa tẹ́ bí omi òjò. Mo yọ́ wọ yàrá, mo fi ìka họ ìdí igbá iyọ̀, mo lá a. Yèyé mi fà mí létí títí ó fi gbóná: "Ìwọ̀nba tó kù yẹn, ti ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lójúlé kejì ni!"

Lọ́jọ́ karùn-ún, Yèyé di ọ̀já mọ́dìí, ó ní òun ń ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Adó láti fi ra iyọ̀. Bàbá mi, tó ń gun ọ̀pẹ, rẹ́rìn-ín: "Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé orí ẹ ló fẹ́ di lọ́rì?"

"Orí tó ń ru igi ìdáná yín lójoojúmọ́, ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò pa á?"

Obìnrin mẹ́fà tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, omi mù wọ́n dé àyà. Bàbá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ wá, àwọn ọkùnrin yòókù náà mú tiwọn, wọ́n so ó pọ̀, wọ́n nà án láti igi etí odò dé igi òdìkejì. Òun ni àwọn ìyá wa dì mú kọjá, ẹrù lórí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé iyọ̀ dé. Ojúlé ọlọ́mọ tuntun ni Yèyé kọ́kọ́ yà sí.

Lónìí, afárá wa ti di oníkọnkéré, ọ̀kadà ń gbé ohun gbogbo wá, gáàsì ìdáná pàápàá. Ṣùgbọ́n òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti jẹ ẹnu afárá náà, ọ̀kadà kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Tòmátì àwọn obìnrin wa ń jẹrà lójú wọn. Ọmọ mi pè mí láti àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó: "Màámi, ẹ fara balẹ̀, ìjọba á wá tún un ṣe."

Mo ní, "Ó dáa. Bí wọ́n bá dé, wọn á bá wa lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀."