Àpáta Tí Wọ́n Kọ Òfìfo Sí

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọ̀wọ́n Sáàpù, ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Ìrókò, ẹ̀gbọ́n màmá mi fa ọwọ́ mi, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta. Mo fa ọwọ́ yọ kíá.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Akọ̀wé, ṣé ẹ ní irú ààrò yìí ní ọ́fíìsì yín?”

Láfún ni wọ́n ń sá síbẹ̀: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi rọ̀, tí wọ́n fún, tó gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Akọ̀wé lásán ni mí ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ooru àpáta yẹn ti wọ̀ mí lọ́kàn. Mo yá ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, mo sì ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé ọ̀ẹ̀rùn. Agogo méjì ọ̀sán, orí àpáta: dígírì mẹ́tàléláàádọ́ta. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: mẹ́tàlélógójì. Lórí àpáta, ọjọ́ mẹ́ta péré ni láfún fi ń gbẹ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ igba ìṣísẹ̀ ó lé mẹ́rìnlá. Obìnrin mọ́kànlélógún ló pín in láàárín ara wọn, òkúta wẹ́wẹ́ ni ààlà, ọmọbìnrin ló sì ń jogún igun ìyá rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ afọ́kúta kan wá dé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí igi kòkó àti obì lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí owó gbà-má-bìínú. Níwájú àpáta nínú ìwé wọn, “òfìfo” ni wọ́n kọ.

“Ọ̀gá, ẹ fo àpáta,” ni mo wí fún ọkùnrin tó ń kọ ọ́.

“Kí ló hù lórí ẹ̀?”

“Láfún ni wọ́n ń sá síbẹ̀.”

“Láfún ń ta gbòǹgbò ni?”

Mo fún un ní ìwé tí mo kọ gbogbo òǹkà mi sí. Ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

“Àbí kí n gbin kòkó sórí òkúta ni,” ni ẹ̀gbọ́n màmá mi wí, “kí wọ́n tó gbà pé ìyá mi ló fi sílẹ̀ fún mi?”

Kí ọ̀ẹ̀rùn kejì tó dé, ilé iṣẹ́ náà ti fọ́ igun ẹ̀gbọ́n màmá mi àti ti àwọn yòókù, wọ́n ti kó o lọ ṣe títì. Etí títì náà ni wọ́n wá ń sá láfún sí, tí ọkọ̀ akókùúta ń da eruku lé e. Oníbàárà á bẹ̀rẹ̀, á gbóòórùn, á lọ. Wọ́n ní ìdàgbàsókè ni. Ìdàgbàsókè ta ni?

Níkẹyìn, àwọn obìnrin náà gbé agbọ̀n láfún tútù jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà fún ọjọ́ méjì. Ọkọ̀ ò lè kọjá, àwọn awakọ̀ ń fọwọ́ dímú. Bí ilé iṣẹ́ náà ṣe rọ ilẹ̀ kọnkéré fún wọn láti máa sá láfún sí nìyẹn.

Mo wọn òun náà: dígírì mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n màmá mi mú èkìrí kan, wọ́n dá a sí méjì létí wọn. Láfún tó bá gbẹ máa ń dún kẹ́. Kò dún. Ọjọ́ kẹrin, kò dún. Ó di ọjọ́ karùn-ún kó tó dún.

“Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ o.”

Mo kọ ọ́: kọnkéré ìṣísẹ̀ méjìlá sí mẹ́sàn-án, obìnrin mọ́kànlélógún, ọjọ́ márùn-ún.