Ẹ̀rọ Pọ́líìṣì Tí Ọkọ Mi Bá Mi Rà

Ọkọ mi ń ta àlòkù ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní àdúgbò Lazaret nígbà náà. Kùtọnu ni wọ́n ti ń kó wọn wá: ilẹ̀kùn, táyà, dígí ẹ̀gbẹ́, àti iná iwájú tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti gbó. Àwọn iná yẹn ni kì í tà. Oòrùn ti jẹ ojú wọn, wọ́n ti ṣú, wọ́n pọ́n bí eyín amutábà.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan sọ fún ọkọ mi lójú mi pé pàǹtí ló ń tà. Inú bí mi. Mo gbé méjì nínú àwọn iná náà lọ sílé wa ní Talladjé. Mo da omi sí wọn, mo fi sáńdípépà líle fá wọn, mo tún fi èyí tó dẹ̀ fá wọn, mo wá fi ìpara tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ máa ń lò nù wọ́n títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí mo ṣàn wọ́n tán, mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọ̀kan, mo sì rí ìka mi márààrún kedere. Méjèèjì tà lọ́jọ́ kejì.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń fọ iná ọkọ̀. Àwọn onítakisí bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n á jókòó sórí àga wọn nínú ọkọ̀, èmi á kúnlẹ̀ níwájú. Kò pé ọdún kan tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi fi wú. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kí n sinmi. Mo bi í léèrè ta ni yóò máa bá mi ṣe iṣẹ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mo mọ irú ẹ̀rọ pọ́líìṣì tí mo ń fẹ́, èyí tí yóò máa bá mi fá iná náà kó fi dán. Baba ará Ìlọrin kan tó ń kun ọkọ̀ ní Lazaret ní ọ̀kan, ó sì jẹ́ kí n fi dán iná kan wò. Ẹ̀rọ náà fúyẹ́. Fóòmù rírọ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀, bọ́tìnnì kan sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń dín eré rẹ̀ kù.

"Ọmọ mi," ni baba náà wí, "iná ọkọ̀ kì í ṣe irin, ọ̀rá líle ni. Tí ẹ̀rọ bá sáré jù lórí rẹ̀, yóò yọ́. Tó o bá dé ọjà, má bi wọ́n bó ṣe lágbára tó. Bi wọ́n bó ṣe lè rọra yí tó."

Ohun tí mo lọ bi ọkùnrin Haúsá kan tó ń ta ẹ̀rọ lọ́jà nìyẹn. Àsìkò ìbò ni, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú sì ti pọ̀ débi pé àwòrán àwọn tó ń du ipò ti bo gbogbo ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí ó kọ ohun tó ń tà sí. Mo kí i, mo ṣàlàyé. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Hàjíyà, ta ló rán yín?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Èmi ni mo fẹ́ lò ó."

Ó nawọ́ gbé ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin. "Ẹ gba èyí. Ó lágbára gan-an."

"Mi ò fẹ́ èyí tó lágbára. Èyí tó lè rọra yí ni mo fẹ́."

Ó pe aládùúgbò rẹ̀ kí ó wá gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ń sọ. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó wá fi sùúrù sọ fún mi, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, pé kí n lọ sọ fún ọkọ mi kí ó wá fúnra rẹ̀. Mo yí padà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta mìíràn ni mo yà lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan ní irú ẹ̀rọ tí mo fẹ́ nínú páálí, ṣùgbọ́n kò gbà kí n ṣí i wò.

Nígbà tí ọkọ mi ń jẹun ìrọ̀lẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ nípa bọ́tìnnì, mo sọ nípa fóòmù, mo sọ pé kó fúyẹ́. Ó ń mi orí bí ẹni tó gbọ́.

"Ìyá àwọn ọmọ, fi í sílẹ̀ fún mi," ni ó wí.

Ọjọ́ kejì ló gbé páálí ńlá kan wọlé, ayọ̀ hàn lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ náà jáde, ó wúwo bí ọmọ ọdún kan. Bọ́tìnnì wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ibi tó kéré jù lọ pàápàá, eré àsápajúdé ló ń sá.

Iná ọkọ̀ tíṣà kan láti àdúgbò Koira Kano ni mo kọ́kọ́ fi dán wò. Kò ju kí n mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ tí òórùn ọ̀rá fi gba àgbàlá kan. Ojú iná náà hunjọ bí awọ orí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo bẹ tíṣà náà, mo sì fi iná mìíràn láti ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní, "Ọwọ́ rẹ á mọ́ ọn lára. Ṣáà dì í mú dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju iná tó bàjẹ́ lọ. Síbẹ̀ mo dákẹ́. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lu, kò ra òmíràn, ẹ̀rọ ló rà fún mi. Ó sì ti sọ fún gbogbo ará mọ́sálááṣí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin ẹgbẹ́ òṣèlú kan kó ọkọ̀ mẹ́rin wá, ó ní òun fẹ́ kí iná wọn máa dán ní ọjọ́ ìpolongo. Ọwọ́ ni mo fi fọ iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹ̀rọ wà lórí tábìlì, ó ń wò mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ mi bi mí pé kí ló dé tí òun kì í gbọ́ ariwo ẹ̀rọ. Mo gbé iná kan nínú ọjà rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ki ẹ̀rọ bọ iná mànàmáná, mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi ṣe é."

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ẹ̀rọ náà ta kọ́ etí iná, ó sì gbá a mọ́ ògiri. Èéfín díẹ̀ rú. Ọkọ mi pa ẹ̀rọ náà.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín. Mo sọ ọ́ kí ẹ tó rà á. Oúnjẹ lẹ ń jẹ."

Ó tú wáyà ẹ̀rọ náà, ó dá a padà sínú páálí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a jọ gbé e padà lọ. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín sí mi yẹn gan-an ló ti rà á! Àlájì níhìn-ín, Àlájì lọ́hùn-ún ni ó ń pe ọkọ mi, kò wo ojú mi. Ọkọ mi ní, "Òun ni kí o bi. Òun ló ń ṣiṣẹ́." Ọkùnrin náà bi mí ní ìbéèrè, ó sì kọjú sí ọkọ mi láti gbọ́ ìdáhùn. Lẹ́yìn awuyewuye, ó gbà pé òun á ṣe pààrọ̀, kí a fi owó díẹ̀ kún un. Ó wọ inú ilé lọ, ó gbé èyí kékeré kan jáde. Ẹ̀rọ yìí ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá.

Mo ní mo fẹ́ dán an wò. Ó ní kò sí iná mànàmáná. Mo ní màá dúró.

"Ìyá àwọn ọmọ, jẹ́ ká máa lọ," ni ọkọ mi wí.

"Ẹ máa lọ. Èmi ń dúró."

Kò lọ. A jókòó sórí páálí nínú ooru títí wọ́n fi kí ìrun ọ̀sán tán. Nígbà tí iná dé, mo yọ iná ọkọ̀ tí mo dì sínú báàgì, mo bu omi sí i, mo sì tan ẹ̀rọ náà ní ibi tó kéré jù. Ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fọwọ́ kan ojú iná, kò gbóná. Mo ṣe é títí ó fi mọ́. Ọkùnrin náà ń wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ mi náà ló gbé páálí lé.

Nínú takisí, ọkọ mi ń sọ fún awakọ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ẹ̀rọ kan fún ìyàwó òun, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń yàn án. Awakọ̀ ń yìn ín. Mo kọjú sí fèrèsé. Ó rẹ̀ mí, ebi ń pa mí, mi ò sì ní agbára láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́.